Ọ̀pọ̀tọ́, Ogbe Àkùkọ àti Kòkòrò Àìfojúrí: Bí Àrùn Kan Ṣe Gba Orúkọ, láti Rómù dé Adja-Ouèrè

1. Ìfáàrà

Ní ọdún kejì iṣẹ́ ìwádìí mi, mo wà ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau, níbi tí mo ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹbí àti orúkọ ẹ̀yà ara. Ìwádìí mi kì í ṣe ti ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Nàgó tó sì gbọ́ Faransé kì í pẹ́ di ògbufọ̀ ní abúlé. Ní ọjọ́ kan, agbẹ̀bí kan ní ilé ìwòsàn kékeré kan ránṣẹ́ pè mí. Ìhà àríwá Benin ni ó ti wá, kò sì gbọ́ Nàgó. Obìnrin kan tó lóyún oṣù mẹ́fà ló jókòó níwájú rẹ̀.

Agbẹ̀bí náà ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ó ní kí n sọ fún un pé “crêtes de coq” ni ohun tó yọ sí i. Èmi tí mo fi èdè Faransé kàwé láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, mo mọ ọ̀rọ̀ náà, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní: “Ogbe àkùkọ ni wọ́n ní ó yọ sí yín lábẹ́.” Ó wò mí, ó ní: “Àbúrò, n kò fẹnu kan adìyẹ láti ìgbà tí mo ti lóyún yìí.”

Mo fẹ́ tún un ṣe. Mo ní kòkòrò kan ló fà á, “irú èyí tó máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.” Agbẹ̀bí kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo rántí ohun tí mo ti kà rí nípa papillomavirus, tí mo sì fi kún un. Lẹ́yìn náà, agbẹ̀bí ní kí n sọ pé ìbálòpọ̀ ni àrùn náà máa ń bá ran ènìyàn, kí ọkọ rẹ̀ náà wá fún àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ tó yọ lẹ́nu mi ni èyí tí mo gbọ́ nílé nígbà èwe mi: “àrùn ìṣekúṣe”.

Obìnrin náà kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò padà wá fún àyẹ̀wò oyún tó kàn, bẹ́ẹ̀ ni kò wá fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo bá pàdé ní ọjà Ikpinlè sọ fún mi pé ó ti kó lọ sí ilé bàbá wọn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń fẹ̀sùn kan ara wọn. Ohun tó sì burú jù ni pé ó ti gbà pé jẹjẹrẹ wà nínú òun, pé bóyá ni òun yóò tọ́ ọmọ náà dàgbà.

Gbólóhùn mẹ́ta ni mo sọ, àṣìṣe mẹ́ta sì ni. Agbẹ̀bí kò ṣìṣe, èmi ògbufọ̀ ni mo ṣe é. Àkọ́kọ́, mo fi ohun tí ojú rí sọ àrùn lórúkọ. Ìkejì, mo da ohun méjì tó jọra pọ̀ mọ́ ara wọn. Ìkẹta, mo fi ẹ̀bi ẹnì kan sọ àrùn lórúkọ. Nígbà tí mo wá jókòó ti ìtàn àrùn yìí, mo rí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù gbà, àti pé ó tó nǹkan bí 1,900 ọdún kí wọ́n tó rí ọ̀nà àbáyọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn nìyẹn, kí a lè mọ ohun tí ó yẹ kí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè ṣe sí i.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìlànà ìkọ̀wé: ní Benin, ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́ láti fi ɛ àti ɔ kọ Yorùbá. Mo lo ìlànà tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà níhìn-ín kí àwọn òǹkàwé wa ní ìhà méjèèjì ààlà lè kà á.

2. Orúkọ tí ojú fún un

Kókó kéékèèké ni àrùn yìí. Ó máa ń yọ sí ojú ara obìnrin, sí nǹkan ọkùnrin, tàbí sí àyíká ihò ìdí. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè pọ̀ títí yóò fi rí wúruwùru. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í dunni, bí ó tilẹ̀ lè máa yúnni. Ohun tí ojú rí kọ́kọ́ ni ìrísí rẹ̀, ìrísí náà sì ni gbogbo èdè tí mo yẹ̀ wò kọ́kọ́ fi sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn Gíríìkì pè é ní kondyloma, láti inú kondylos, tí í ṣe oríkèé ìka. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní, Celsus ará Rómù kọ ìwé ìṣègùn rẹ̀ ní èdè Látìn. Ó ṣàlàyé oríṣiríṣi kókó tó ń yọ sí ara, ó sì fi ọ̀kan nínú wọn wé òdòdó ewéko thyme. Ó ní èyí tó burú jù nínú irú èyí ni èyí tó bá yọ sí abẹ́. Àwọn ará Rómù lásán kò lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà. Ficus ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọ̀pọ̀tọ́, èso igi tí a mọ̀ nínú Bíbélì.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè dúró díẹ̀ níbi ọ̀pọ̀tọ́ yìí. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní kan náà, akéwì Martial kọ ewì kúkúrú kan lórí bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀pọ̀. Ó ní ìparí ọ̀rọ̀ kan wà fún ọ̀pọ̀tọ́ tó so lórí igi, òmíràn sì wà fún ọ̀pọ̀tọ́ tó so sára ọkùnrin tí òun ń bú. Gírámà di ohun èlò ẹ̀sín. Àwọn ará Rómù gbà pé ìbálòpọ̀ kan pàtó ló ń fa ọ̀pọ̀tọ́ náà, ẹni tó bá sì ní in, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú àfiwé èso ti di ọ̀nà láti nawọ́ sí ènìyàn.

Èdè Faransé òde òní tẹ̀ lé ọ̀nà yìí kan náà. Ogbe àkùkọ ni àwọn ènìyàn ń pè é, tàbí kí wọ́n fi í wé chou-fleur. Ẹ má sì ṣe rò pé àwọn orúkọ ìjìnlẹ̀ yàtọ̀. Papilla ní èdè Látìn ni orí ọmú, ibẹ̀ ni papilloma ti wá. Virus ní Látìn àtijọ́ ni oró tàbí májèlé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé èdè Yorùbá kò lè sọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn nítorí pé àfiwé ni ó ń lò, kí a sọ fún un pé papillomavirus fúnra rẹ̀ kò ju “oró olórí-ọmú” lọ. Ìmọ̀ tí wọ́n kó jọ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀.

Kí ni àwa ń pè é? Nínú ohùn tí mo gbà sílẹ̀ ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, ọ̀rọ̀-orúkọ kò kọ́kọ́ jáde. Gbólóhùn ni mo ń gbọ́: “Nǹkan yọ sí mi lábẹ́.” Nǹkan ni olùwà, yọ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, abẹ́ sì jẹ́ ẹnà fún ibi tí a kì í dárúkọ. Bí ó bá jẹ́ àyíká ihò ìdí ni ó yọ sí, ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ìṣòro sì wà níbẹ̀, nítorí pé ohun dídùn ni àwọn ènìyàn gbà pé ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tó bá ní kókó yìí yóò fi ṣúgà sílẹ̀, yóò máa mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, kókó náà yóò sì máa pọ̀ sí i. Bí orúkọ bá ṣì wá lọ́nà, ìtọ́jú náà yóò ṣìnà.

3. Orúkọ tí ẹ̀bi fún un

Ní nǹkan bí 1495, àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ní Naples. Àwọn ará Ítálì pè é ní àrùn àwọn Faransé, àwọn Faransé sì pè é ní àrùn Naples. Rẹ́kórẹ́kó ni àwa ń pe irú àrùn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá ṣe ènìyàn lábẹ́ ni wọ́n kó sínú àpò kan. “Àrùn Venus” ni orúkọ àpò náà, láti inú orúkọ òrìṣà ìfẹ́ ti Rómù, ibẹ̀ sì ni vénérien ti wọ èdè Faransé. Rẹ́kórẹ́kó, àtọ̀sí, kókó abẹ́: àrùn kan ṣoṣo ni wọ́n kà wọ́n sí, tí ìwà ènìyàn fà.

Ní 1786, John Hunter ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé kan jáde tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun kan náà ni àtọ̀sí àti rẹ́kórẹ́kó. Àṣìṣe ni. Benjamin Bell ní Edinburgh ta kò ó ní 1793, ṣùgbọ́n 1838 ni Philippe Ricord ní Paris tó fi àyẹ̀wò púpọ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Kókó abẹ́ ṣì wà nínú àpò náà síbẹ̀. Àwọn kan ní ọyún àtọ̀sí ló ń fà á, àwọn kan ní ìdọ̀tí ni. Rẹ́kórẹ́kó fúnra rẹ̀ sì máa ń yọ kókó pẹlẹbẹ kan tó jọ ọ́, tí àwọn oníṣègùn ṣì ń pè ní condyloma títí di òní. Orúkọ kan, àrùn méjì: ìkan jẹ́ ti kòkòrò tí penicillin ń pa, èkejì jẹ́ ti kòkòrò tí penicillin kò lè ṣe ní nǹkan kan.

Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí dé Áfíríkà pẹ̀lú ìjọba amúnisìn. Àrùn tí èdè Faransé ń pè ní pian máa ń yọ kókó pupa sí ara àwọn ọmọdé. Orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ni framboesia, nítorí pé ó jọ èso framboise. Èso la tún bá padà níbẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ jẹ́ ìbátan kòkòrò rẹ́kórẹ́kó, ṣùgbọ́n ìfarakanra lásán ni ó ń bá ràn, kì í ṣe ìbálòpọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà amúnisìn kọ ọ́ sílẹ̀ bíi rẹ́kórẹ́kó, wọ́n sì fi ìṣirò náà sọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa ìwà àwọn ènìyàn dúdú.

Kí a má sì rò pé àwọn àjèjì nìkan ni. Èdè tiwa náà ní àpò. Ẹ wo àtọ̀sí àti àtọ̀sí ajá. Ìbálòpọ̀ ni èkíní ń bá ràn. Èkejì, tí í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde, inú omi odò ni àwọn ọmọdé ti ń kó o, láti ara kòkòrò kan tó ń gbé inú ìgbín omi. Ìtọ̀ ni ojú rí nínú méjèèjì, ìtọ̀ ló sì so orúkọ wọn pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó lọ lúwẹ̀ẹ́ wá ń ru ìtìjú àgbàlagbà.

“Àrùn ìṣekúṣe” tí mo sọ fún obìnrin yẹn, inú àpò yìí ló ti wá. Kò sọ bí àrùn ṣe ń ràn, ẹni tó jẹ̀bi ni ó ń sọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún aboyún tó wà nílé ọkọ, ohun tí gírámà gbólóhùn mi sọ fún un ni pé: nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹnì kan ti ṣe ìṣekúṣe. Ó ku kí wọ́n wá ẹni náà.

4. Orúkọ tí ìwádìí fún un

Ní 1907, Giuseppe Ciuffo ní Ítálì lọ kókó ara, ó sẹ́ omi rẹ̀ nínú asẹ́ tí kòkòrò bakitéríà kò lè gbà kọjá, ó sì fi omi náà sí ara òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kókó yọ. Ohun tó fà á kéré ju bakitéríà lọ. Ní 1949, wọ́n fi awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rí kòkòrò náà. Ní 1954, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti ogun Kòríà dé pẹ̀lú kókó lára nǹkan ọkùnrin wọn, tí kókó sì yọ sí àwọn ìyàwó náà lẹ́yìn náà. Ó wá dájú pé ó ń bá ìbálòpọ̀ ràn.

Ní nǹkan bí 1970 sí 1980, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kòkòrò herpes ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Harald zur Hausen ní Jámánì kò gbà. Ó ti ka ìròyìn kókó abẹ́ tó di jẹjẹrẹ ní ìgbà díẹ̀, ó sì rò pé bí òun bá rí kòkòrò kókó abẹ́, òun ti rí ti jẹjẹrẹ nìyẹn. Ní 1980, òun àti Lutz Gissmann yọ kòkòrò kan jáde láti inú kókó abẹ́, wọ́n pè é ní HPV 6. Wọ́n wá a nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, wọn kò rí i. Wọ́n rí ìbátan rẹ̀, HPV 11, wọn kò rí i ní iye tó lè ṣàlàyé àrùn náà. Ṣùgbọ́n wọ́n lo ohun tí wọ́n ti rí láti wá àwọn ìbátan mìíràn. Ní 1983 wọ́n rí HPV 16 nínú jẹjẹrẹ náà, ní 1984 wọ́n rí HPV 18. Ní 2008, wọ́n fún zur Hausen ní ìdajì ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn. Àwọn méjì tó gba ìdajì kejì, Françoise Barré-Sinoussi àti Luc Montagnier, ni àwọn tó rí kòkòrò HIV.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, mo pa ìwé dé. Àṣìṣe kejì mi ni mo rí níbẹ̀, tí ìwádìí ti tún ṣe kí wọ́n tó bí mi. HPV lé ní igba irú. Irú 6 àti 11 ló ń fa nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún kókó abẹ́, wọn kì í sì í fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Irú 16 àti 18 ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ náà, wọn kì í yọ kókó tí ojú lè rí. Ènìyàn lè ní irú méjèèjì pọ̀, nítorí náà àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ ṣe pàtàkì fún gbogbo obìnrin, kókó yọ sí i tàbí kò yọ. Ṣùgbọ́n kókó tí aboyún yẹn ní kì í ṣe ìwé ìdájọ́ ikú. Kókó lè pọ̀ sí i nínú oyún, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ìdí tí agbẹ̀bí fi fẹ́ kó máa wá nìyẹn, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì lo ìtọ́jú tí kò ní pa ọmọ lára, nítorí pé àwọn oògùn kan tí wọ́n ń fi pa kókó náà kò dára fún aboyún.

Ìwádìí tún sọ ohun kan tó kan àṣìṣe kẹta. Ojú ọgbẹ́ kékeré tí ojú kò rí ni kòkòrò náà ń gbà wọlé dé ìsàlẹ̀ awọ ara. Ó lè farapamọ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, tàbí fún ọdún kí kókó tó yọ, bí yóò bá tilẹ̀ yọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kó o kì í mọ̀ láéláé, ara wọn yóò sì borí rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ọdún méjì. Nítorí náà, ọjọ́ tí kókó yọ kò sọ ọjọ́ tí ènìyàn kó àrùn, kò sì sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti kó o. Ọkọ lè ti ní in kó tó fẹ́ ìyàwó, ìyàwó lè ti ní in kó tó rí ọkọ. Ìbéèrè “ta ló kó o wá ilé?” kò ní ìdáhùn, kì í ṣe nítorí pé àwọn ènìyàn ń purọ́, bí kò ṣe pé ara kò kọ ọjọ́ sílẹ̀.

5. Ohun tí èdè wa ti ní tẹ́lẹ̀

Anthony Buckley tẹ ìwé jáde ní 1985 lórí ìṣègùn Yorùbá. Ó ṣàlàyé bí àwọn oníṣègùn tó bá ṣiṣẹ́ ṣe gbà pé kòkòrò wà nínú ara gbogbo ènìyàn, nínú àpò wọn, láìṣe ibi. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọ́n kún àpò jáde, ni àìsàn ń dé. N kò ní sọ pé àwọn bàbá wa ti mọ HPV. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà pé kòkòrò lè wà lára láìṣe àìsàn, tí ó lè farapamọ́, tí ara sì lè kápá rẹ̀, kò ní ìṣòro láti lóye kòkòrò yìí. Ní tèmi, ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé-ìwé ni pé kòkòrò dé, àìsàn dé. Nínú ọ̀ràn yìí, ìmọ̀ tó wà ní abúlé sún mọ́ òtítọ́ ju ẹ̀kọ́ tí mo rántí lọ.

A tún ní ìrírí HIV. Ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn ń sọ éèdì àti àrùn kògbóògùn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Benin, sídà ni. Orúkọ “kògbóògùn” ní ìtàn tirẹ̀: nígbà tí oògùn dé tí àwọn ènìyàn fi ń gbé pẹ̀lú kòkòrò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ náà ti di irọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Herbert Igboanusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ lórí HIV, éèdì àti Ebola ní Hausa, Ígbò àti Yorùbá. Ṣáájú wọn, ìdìpọ̀ méjì Èdè-Ìperí Yorùbá tó jáde ní 1984 àti 1990 ti fi ọ̀nà hàn wá fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe.

Ọ̀ràn náà sì kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2004, ìwádìí kan láàárín àwọn obìnrin 932 ní Ìbàdàn jáde. Ó fi hàn pé HPV wà lára ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà láti 2006. Èyí àkọ́kọ́ ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ irú 6, 11, 16 àti 18 pọ̀, ìyẹn irú ti kókó àti irú ti jẹjẹrẹ. Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ní 2007, kókó abẹ́ sì dín kù gan-an láàárín àwọn ọ̀dọ́ wọn ní ọdún mélòó kan. Ní oṣù Kẹwàá 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Rédíò Nàìjíríà ń dún ní Adja-Ouèrè, nítorí náà àwọn ènìyàn ń gbọ́ “HPV” láti ìlà oòrùn, wọ́n sì ń gbọ́ “papillomavirus” láti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tiwọn. Méjì nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ rò pé àrùn méjì ni.

6. Àbá

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo dábàá pé kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀. Ohun tí ojú rí, kí ó máa jẹ́ kókó abẹ́: ó sọ ìrísí, ó sọ ibi tó wà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó fà á, kí ó máa jẹ́ ẹbí kòkòrò HPV. Ọ̀rọ̀ náà ẹbí ni mo gbára lé jù lọ, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àwọn ọmọ ìyá kan náà lè yàtọ̀ ní ìwà àti ní iṣẹ́. Ọ̀nà tó ń gbà ràn, kí a fi gbólóhùn sọ ọ́: “ó máa ń bá ìbálòpọ̀ ràn.” Kí a má ṣe fi ìṣekúṣe, àrùn obìnrin tàbí àrùn aṣẹ́wó rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí n sọ ní ọjọ́ náà nìyí, mo sì ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu ju ìgbà kan lọ láti ìgbà náà:

“Kókó abẹ́ ló yọ sí yín. Kòkòrò tí ojú kò rí ló fà á. Ẹbí ńlá ni kòkòrò náà: àwọn kan nínú ẹbí náà ń yọ kókó, àwọn mìíràn lè fa jẹjẹrẹ bí wọ́n bá pẹ́ lára. Àwọn tó ń yọ kókó ló ṣe yín. Ó máa ń bá ìbálòpọ̀ ràn, ṣùgbọ́n ó lè ti wà lára ènìyàn fún ọdún púpọ̀ kó tó yọ, nítorí náà a kò lè mọ ẹni tó kó o ran ẹnìkejì. A lè tọ́jú kókó náà. Ó lè tún yọ, bí ó bá sì yọ, ẹ padà wá. Ẹ má fi àyẹ̀wò oyún sílẹ̀. Kí bàbá ọmọ náà wá.”

Ó gùn ju “crêtes de coq” lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tó ìṣẹ́jú kan.

7. Ìgúnlẹ̀

Láti Celsus dé zur Hausen, ìrísí ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ àrùn yìí lórúkọ, lẹ́yìn náà ẹ̀bi, okùnfà ló dé kẹ́yìn. Èmi tí okùnfà ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó bí mi tún pa á tì, mo fi ìrísí àti ẹ̀bi ṣe ògbufọ̀. Ìmọ̀ kò gba ààlà èdè kọjá fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ni ó ń rù ú kọjá, bí ẹni náà kò bá sì mọ ẹrù tó wà lórí rẹ̀, yóò dà á sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n obìnrin náà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì sọ ọ̀rọ̀ òkè yìí fún un bí ó ṣe wà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé: “Ìyẹn ni pé ó lè ti wà lára ọ̀kan nínú wọn kí wọ́n tó mọ ara wọn rárá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí òun lè mọ̀ ọ́n sọ, nítorí pé òun fúnra òun ni yóò lọ sọ ọ́ fún ọkọ àbúrò òun.